Bí Lẹ́tà Ìyá Àgbà Ṣe Dé Orí Rédíò Calcutta

Ní nǹkan bí ọdún 1956, Lila Majumdar, obìnrin Bengali tó ń kọ ìwé fún àwọn ọmọdé, gba iṣẹ́ olóòtú ètò ní All India Radio, iléeṣẹ́ rédíò ìjọba Íńdíà, ní Calcutta. Ètò kan wà níbẹ̀ fún àwọn obìnrin, Mahila Mahal lorúkọ rẹ̀. Ohun tí wọ́n ń wá ni ọ̀rọ̀ lórí ìṣòro ojoojúmọ́ tó ń bá ọmọbìnrin Bengali tó ń dàgbà nílé tí kò lówó rẹpẹtẹ, tí kò sì tòṣì. Ẹlòmíràn ì bá pe dókítà àti tíṣà wá, kí wọ́n máa rọ òjò ìmọ̀ràn. Ìyá àgbà inú ìtàn kan ni Lila gbé kalẹ̀ ní tirẹ̀.

Ọmọọmọ ìyá àgbà náà ń jẹ́ Monimala. Nígbà tí ọmọ náà pé ọdún 12, ìyá àgbà bẹ̀rẹ̀ sí í kọ lẹ́tà sí i. Lẹ́tà ń lọ, ọmọ ń dàgbà, títí tó fi relé ọkọ, tó sì di abiyamọ. Monimala kì í ṣe ọmọ ọba inú àlọ́, ọmọ bíi tẹnikẹ́ni ni. Lójú tèmi, ibẹ̀ lọgbọ́n náà wà. Sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ tó bá ń báni wí lórí afẹ́fẹ́, a lè yí i pa. Ṣùgbọ́n lẹ́tà tí wọ́n kọ sí ọmọ ọlọ́mọ, ta ni kò ní tẹ́tí sí i? Ìyá tó ń gbọ́ ọ lè rí ohun tí yóò bá ọmọ tirẹ̀ sọ níbẹ̀, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni dárúkọ rẹ̀.

Lila kò ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́ bí a ti ń bá ọmọ sọ̀rọ̀. Ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀, Upendrakishore Ray Chowdhury, ló dá Sandesh, ìwé ìròyìn àwọn ọmọdé, sílẹ̀ ní 1913. Inú rẹ̀ ni ìtàn àkọ́kọ́ tí Lila kọ ti jáde ní 1922, nígbà tó wà lọ́mọ ọdún 14. Ó wá ka Gẹ̀ẹ́sì ní yunifásítì Calcutta, ó gbégbá orókè, ó ṣe tíṣà ní Darjeeling àti ní Santiniketan lọ́dọ̀ akéwì Tagore, àmọ́ kò pẹ́ níbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó tí ìyá àgbà náà ń sọ kì í sì í ṣe àgbọ́sọ fún ẹni tó kọ ọ́. Ní 1933, Lila fẹ́ dókítà eyín kan, Sudhir Kumar Majumdar. Bàbá rẹ̀ kò fọwọ́ sí i. Àwọn ará ilé yòókù ń bá a rìn, ṣùgbọ́n bàbá kò bá a ṣe mọ́ títí tó fi kú.

Ọdún bíi méje sí mẹ́jọ ló lò ní rédíò. Satyajit Ray, ọmọọmọ Upendrakishore, ti jí Sandesh dìde ní 1961. Lila bá wọn ṣe olóòtú rẹ̀ láti 1963, ó sì di ọdún 1994, lẹ́ni ọdún 86, kó tó fi iṣẹ́ náà sílẹ̀.