Àpótí “Yes” àti “No”: Ohun Tí Windows Ń Bèèrè Gan-an

Lójijì, ojú kọ̀ǹpútà á ṣú, àpótí kan á yọ láàárín rẹ̀, á ní ṣé kí òun fún sọ́fítíwíà kan láyè láti yí nǹkan padà lórí ẹ̀rọ náà. Ní àwọn ṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé àti fọ́tókọ́pì tó wà ní South Gate FUTA ní Àkúrẹ́, níbi tí akẹ́kọ̀ọ́ ti ń na fúláàṣì síni lọ́tùn-ún lósì, “Yes” ni ọwọ́ máa ń yá sí. Ta ló ráyè kà á nígbà tí èrò pọ̀ lẹ́nu ọ̀nà?

User Account Control, ìyẹn UAC, ni Windows ń pe ètò yìí. Windows Vista ló gbé e dé fáráyé ní 2007. Láyé Windows XP tó ṣáájú rẹ̀, agbára administrator, ìyẹn ti ẹni tó láṣẹ lórí gbogbo ẹ̀rọ, ni ọ̀pọ̀ èèyàn fi ń lo kọ̀ǹpútà láti àárọ̀ dalẹ́, nítorí náà, fáírọ́ọ̀sì tó bá ráyè wọlé á ní agbára kan náà pẹ̀lú ẹni tó ni ẹ̀rọ. Láti ìgbà Vista, bí administrator bá tilẹ̀ wọlé, Windows á pín agbára rẹ̀ sí méjì: ó ń fi èyí tó kéré ṣe iṣẹ́ òòjọ́, èyí tó kún sì wà ní ìpamọ́ títí tó fi máa tẹ “Yes”. Ó dà bí ọ̀rọ̀ ilé: ayálégbé lè to àga rẹ̀ bó ṣe wù ú; bó bá fẹ́ wó ògiri, ó dọwọ́ onílé. Lẹ́tà títẹ̀ lórí Word, lílọ sórí íntánẹ́ẹ̀tì, fífi fáìlì pamọ́ sínú Documents, kò sí èyí tó kan onílé nínú wọn. Ìgbà tí sọ́fítíwíà bá fẹ́ kọ nǹkan sínú Program Files, ibi tí Windows ń kó sọ́fítíwíà sí, tàbí tó fẹ́ fọwọ́ kan ètò tó kan gbogbo ẹni tó ń lo ẹ̀rọ náà, ni àpótí ń yọ.

Ṣíṣú tí ojú kọ̀ǹpútà ń ṣú kì í ṣe fáàrí. Windows ń gbé ìbéèrè náà lọ síbi ọ̀tọ̀ tí sọ́fítíwíà tó kù kò lè fọwọ́ kàn, kí fáírọ́ọ̀sì má baà tẹ “Yes” fúnra rẹ̀.

Orúkọ sọ́fítíwíà àti orúkọ ẹni tó ṣe é ló yẹ kéèyàn wò nínú àpótí náà. Lórí Windows 10, bí ẹ̀rí ẹni tó ṣe é bá wà, òkè àpótí á ní àwọ̀ búlúù. Bí kò bá sí, á kọ “Unknown”, àwọ̀ á sì di yẹ́lò. Yẹ́lò nìkan kò sọ pé olè ni, torí sọ́fítíwíà kéékèèké tó dára pọ̀ tí kò ní ẹ̀rí yìí. Ohun tó yẹ kéèyàn kọ́kọ́ bi ara rẹ̀ ni pé, kí ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe? Bó bá jẹ́ sọ́fítíwíà ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tuntun ló ń fi sí i, ó yẹ kí àpótí yọ. Bó bá jẹ́ àsáínmẹ́ǹtì inú fúláàṣì akẹ́kọ̀ọ́ ló ṣí, kí ni ti àpótí níbẹ̀? “No” ni. Kọ̀ǹpútà kò ní bàjẹ́.

Àpótí yìí máa ń sú àwọn mìíràn, wọ́n á sì fa UAC wálẹ̀ dé “Never notify”, kí àpótí má yọ mọ́. Ipele mẹ́rin ló ní. Ìkejì látòkè ni Windows fi máa ń bẹ̀rẹ̀, ibẹ̀ ló sì yẹ kó wà. Ó sàn kí a wá ìdí tó fi ń yọ lemọ́lemọ́. Nígbà mìíràn, ẹnì kan ló ti máàkì “Run this program as an administrator” sí inú Properties sọ́fítíwíà kan, lábẹ́ Compatibility, lọ́jọ́ tó ti pẹ́. Fún ṣọ́ọ̀bù, àkáǹtì méjì ló dára jù: Standard, tí kò ní agbára administrator, fún ọmọṣẹ́, Administrator fún ọ̀gá. Páásíwọ́ọ̀dù ọ̀gá ni àpótí á máa bèèrè nígbà náà. (Kí ọ̀gá má sì kọ ọ́ lẹ̀ mọ́ ara kọ̀ǹpútà o.)

Ibì kan wà tí UAC kò dé. Fáìlì tí ẹni tó ń lo kọ̀ǹpútà lè yí padà fúnra rẹ̀, fáírọ́ọ̀sì tó bá ń ṣiṣẹ́ lórúkọ rẹ̀ lè yí i padà láìbèèrè. Irú èyí tó ń ti fáìlì pa, tó ń gba owó ìtúsílẹ̀, lè ti gbogbo prójẹ́ẹ̀tì inú Documents pa kí àpótí kankan má yọ. Ọwọ́ rẹ̀ kò lè tó ẹ̀dà tó wà lórí díìsìkì tí wọ́n ti yọ kúrò lára kọ̀ǹpútà.