Ọgbà Ìtàn Kaloko-Honokōhau

Kaloko-Honokōhau jẹ́ ọgbà ìtàn tí ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà ń tọ́jú ní etíkun Kona, ní ìwọ̀-oòrùn erékùṣù Hawaiʻi, ní apá àríwá ìlú Kailua-Kona. Ọdún 1978 ni wọ́n dá a sílẹ̀ kí àṣà àwọn ọmọ onílẹ̀ Hawaiʻi má baà parẹ́ níbẹ̀.

Òkúta dúdú tí òkè ayọnáyèéfín pọ̀ jáde ló bo ilẹ̀ náà. Oòrùn mú níbẹ̀, òjò kò sì pọ̀. Síbẹ̀ àwọn èèyàn ti gbé ibẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún, nítorí omi dídùn ń gba abẹ́ òkúta ṣàn wá sí etíkun, ó sì ń dà pọ̀ mọ́ omi iyọ̀. Irú omi bẹ́ẹ̀ dára fún ẹja.

Adágún Kaloko ló yẹ kí àlejò pẹ́ sí jù. Ògiri òkúta ni wọ́n mọ láti fi pààlà sáàárín adágún yìí àti òkun. Ògiri náà gùn tó nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 750. Wọn kò fi amọ̀ tàbí sìmẹ́ńtì lẹ òkúta rẹ̀ pọ̀. Wọ́n kàn tò ó léra ni, àlàfo tó wà láàárín òkúta ló sì ń dá agbára ìgbì kù. Ẹnu omi tó wà lára ògiri, tí wọ́n ń pè ní mākāhā, ní igi tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n tò bí ọgbà. Ọmọ ẹja á gba àárín igi wọlé, á jẹ ewéko omi, á sanra, kò sì ní lè jáde mọ́. Bí omi òkun bá ń kún, ẹja ńlá á rọ́ wá sí ẹnu ibẹ̀, wọ́n á sì fi àwọ̀n kó wọn. Irú ẹja tí wọ́n ń pè ní ʻamaʻama àti awa ni wọ́n máa ń sìn jù láyé àtijọ́.

Adágún ʻAimakapā ní tirẹ̀ kò ní ògiri. Òkìtì iyanrìn ló pààlà sáàárín òun àti òkun. Ibẹ̀ ni àwọn ẹyẹ omi Hawaiʻi bíi aeʻo ń gbé. Ní ʻAiʻōpio, ibòmíràn nínú ọgbà náà, pakúté olókùúta ni wọ́n ṣe: ẹja á wọlé nígbà tí omi bá kún, á sì há nígbà tó bá fà. Àwọn ìjàpá òkun sábà máa ń sinmi nítòsí ibẹ̀. Àlejò kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn wọ́n, kí ó sì fi bí ẹsẹ̀ bàtà 20 jìnnà sí wọn.