Ẹni Tó Mú Mánúà Rọrùn Náà Ló Ṣe Ọ́tò

Ní oṣù Kẹjọ ọdún 1888, Bertha, ìyàwó Karl Benz, kó àwọn ọmọkùnrin rẹ̀ méjì, Eugen àti Richard, sínú ọkọ̀ tí ọkọ rẹ̀ ṣe, wọ́n sì mú ọ̀nà pọ̀n láti Mannheim lọ sí Pforzheim ní ilẹ̀ Jámánì. Ìrìn náà lé díẹ̀ ní kìlómítà 100. Kò dágbére fún ọkọ rẹ̀. Níbi tí ilẹ̀ ti tẹ́jú, ọkọ̀ ń lọ geerege. Ìgbà tí wọ́n kan òkè ni agbára rẹ̀ pin, tí àwọn ọmọ ní láti bọ́ sílẹ̀ kí wọ́n máa tì í. Nígbà tí wọ́n padà délé, Bertha sọ fún Karl pé kó fi gíà mìíràn kún un nítorí òkè. Ibẹ̀ ló wù mí láti bẹ̀rẹ̀ ìtàn gíà, torí pé orí òkè ni gbogbo ẹni tó ń wakọ̀ ti ń mọ ohun tí gíà wà fún.

Ẹ́ńjìnnì tó ń jẹ epo pẹtiróòlù kì í lágbára láti ìdúró. Ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ máa yí kíkankíkan ná. Bí wọ́n bá so ó mọ́ táyà tààrà nígbà tí ọkọ̀ dúró, kíkú ni yóò kú. Nǹkan méjì ló wá gbọ́dọ̀ wà láàárín wọn. Ọ̀kan ni kílọ́ọ̀ṣì, tó ń já ẹ́ńjìnnì kúrò lára táyà fún ìgbà díẹ̀ tó sì tún ń so wọ́n pọ̀. Èkejì ni àwọn eyín irin kéékèèké àti ńláńlá inú gíàbọ́ọ̀sì, tí a fi ń gba agbára nígbà tí a bá ń gòkè, tí a sì fi ń gba eré nígbà tí ọ̀nà bá tẹ́jú. Gbogbo àríyànjiyàn tí à ń ṣe lórí mánúà àti ọ́tò kò kọjá èyí: ta ni kó máa já a kó sì máa so ó, ṣé ẹsẹ̀ awakọ̀ ni àbí ẹ̀rọ fúnra rẹ̀?

Àwọn ará Faransé ló fi ìlànà mánúà lélẹ̀. Ní Paris, láàárín ọdún 1890 sí 1895, Émile Levassor àti René Panhard gbé ẹ́ńjìnnì sí iwájú, wọ́n fi kílọ́ọ̀ṣì tẹ̀lé e, wọ́n fi gíàbọ́ọ̀sì tẹ̀lé kílọ́ọ̀ṣì, kí agbára tó lọ sí táyà ẹ̀yìn. Ní alẹ́ ọjọ́ 24 oṣù Kejìlá ọdún 1898, Louis Renault wa ọkọ̀ kékeré tó fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe gun òkè Rue Lepic ní Montmartre, àwọn tó rí i sì bẹ̀rẹ̀ sí í sanwó kó ṣe tiwọn fún wọn. Àrà tó dá sínú rẹ̀ ni pé ní gíà tó ga jù, agbára ẹ́ńjìnnì ń lọ tààrà láìgba inú eyín irin kankan kọjá. Mánúà tí ẹ mọ̀ lónìí, ọmọ ilé àwọn èèyàn yìí ni.

Ṣùgbọ́n gíà yíyí láyé ìgbà náà kì í ṣe iṣẹ́ ọ̀lẹ. Ká ní awakọ̀ wà ní gíà kẹta tí òkè sì dé. Yóò tẹ kílọ́ọ̀ṣì, yóò fa ọ̀pá gíà sí fírìì. Yóò jọ̀wọ́ kílọ́ọ̀ṣì, yóò tẹ tọ́tù díẹ̀ kí ẹ́ńjìnnì lè han, yóò tún tẹ kílọ́ọ̀ṣì lẹ́ẹ̀kejì, ìgbà yẹn ni yóò tó ti ọ̀pá náà sí gíà kejì. Gbogbo èyí, láàárín ìṣẹ́jú àáyá méjì tàbí mẹ́ta, ọkọ̀ sì ń pàdánù eré lọ. Bí eré eyín irin méjèèjì kò bá dọ́gba, irin á máa họ irin, gbogbo àdúgbò á gbọ́. Ọ̀pọ̀ èèyàn tó lówó ọkọ̀ ni kò lè wa ọkọ̀. Wọ́n ní láti gba dírẹ́bà.

Henry Ford gba ọ̀nà tirẹ̀. Model T rẹ̀, tó jáde lọ́dún 1908, ní pẹ́dà mẹ́ta nílẹ̀, àmọ́ bí a bá gbé ẹni tó ń wa mánúà lónìí sínú rẹ̀, yóò pòrúurùu. Pẹ́dà ọwọ́ òsì ni gíà: tẹ̀ ẹ́ dé ìsàlẹ̀, o wà ní gíà agbára, dá a dúró ní agbede méjì, o wà ní fírìì, jọ̀wọ́ rẹ̀ pátá, o bọ́ sí gíà eré. Pẹ́dà àárín ni rìfáàsì, ti ọ̀tún ni bíréèkì. Tọ́tù kò sí lẹ́sẹ̀ rárá, ọwọ́ ni wọ́n fi ń fà á lábẹ́ sítíárìn. Eyín irin inú rẹ̀ ń yí ara wọn po láìjá kúrò lára ara wọn rí, nítorí náà wọn kì í họ. Ó lé ní mílíọ̀nù 15 irú ọkọ̀ yìí tí Ford ṣe kó tó dáwọ́ rẹ̀ dúró lọ́dún 1927. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi àwọn eyín irin tó ń yí ara wọn po yìí sọ́kàn.

Àwọn kan ti ń lépa ọ́tò gan-an láti ìgbà yẹn. Ní Boston, lọ́dún 1904, àwọn tẹ̀gbọ́n-tàbúrò Sturtevant ṣe gíàbọ́ọ̀sì kan tó ń lo irin tó wúwo: bí ẹ́ńjìnnì bá ti ń sáré sí i, irin náà á máa fò síta, á sì yí gíà. Kò lálòpẹ́.

Ọkùnrin tí mo ń bọ̀ wá bá ni Earl Thompson, onímọ̀ ẹ̀rọ ará Amẹ́ríkà. Ariwo irin tó ń họ irin yẹn ló dojú kọ. Ó ronú pé kí awakọ̀ tó ki eyín irin méjì bọ ara wọn, kí ohun kan kọ́kọ́ fara kan èkejì, kó fà á títí eré wọn yóò fi dọ́gba. Ó fi ọrùn irin ẹlẹ́nu ṣóńṣó sí ẹ̀gbẹ́ eyín náà láti ṣe iṣẹ́ yìí. Cadillac gbà á, ó sì jáde nínú ọkọ̀ wọn lọ́dún 1928. Láti ọjọ́ náà, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni awakọ̀ ń tẹ kílọ́ọ̀ṣì, ọ̀pá gíà á sì wọlé wọ́ọ́rọ́wọ́. Ẹnikẹ́ni tó bá ń gbádùn mánúà lónìí jẹ Thompson ní gbèsè ọpẹ́, bí kò tilẹ̀ gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí.

Ẹlòmíràn ì bá ti jókòó jẹun níbẹ̀. Thompson ní rárá, kílọ́ọ̀ṣì fúnra rẹ̀ ló kù. Ó sì bá ohun tó ń wá nínú iṣẹ́ àwọn tó ń kan ọkọ̀ ojú omi. Ní nǹkan bí ọdún 1905, Hermann Föttinger, ará Jámánì tó ń ṣiṣẹ́ ní ibùdó ìkànkọ̀ kan ní ìlú Stettin, ti gba ìwé àṣẹ lórí ọ̀nà tí agbára ẹ́ńjìnnì fi lè gba inú omi dé ara ohun tó ń ti ọkọ̀ lọ, láìsí irin tó so wọ́n pọ̀. Ẹ gbé fáànù méjì kojú ara wọn, kí ẹ tan ọ̀kan: atẹ́gùn tirẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í yí èkejì tí kò sí lórí iná. Fi ọ́ìlì dípò atẹ́gùn, kí o sé wọn mọ́nú agolo irin kan, ohun tí Föttinger ṣe nìyẹn. Bí ọkọ̀ bá dúró, ọ́ìlì á kàn máa yí lọ, ẹ́ńjìnnì kò ní kú. Kò sí ohun tí ẹsẹ̀ òsì fẹ́ já mọ́.

Thompson àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní General Motors, ilé iṣẹ́ tó ni Cadillac, kó ìyẹn pọ̀ mọ́ irú eyín irin tó ń yí ara wọn po tí mo ní kí ẹ fi sọ́kàn, wọ́n sì fi agbára ọ́ìlì yí gíà fúnra rẹ̀. Lọ́dún 1937, wọ́n kọ́kọ́ gbé èyí tó ṣì ń lo kílọ́ọ̀ṣì láti gbéra jáde. Lọ́dún 1939 ni ojúlówó dé. Hydra-Matic ni wọ́n pè é, inú Oldsmobile ọdún 1940 ni wọ́n kọ́kọ́ gbé e sí, ẹni tó bá fẹ́ ẹ á fi dọ́là 57 lé owó ọkọ̀. Gíà mẹ́rin ló ní fún iwájú. Kò sí P, ìyẹn àmì ìgúnlẹ̀, lórí rẹ̀ bíi ti ọ́tò òde òní. Ẹni tó bá fẹ́ gúnlẹ̀ á pa iná ẹ́ńjìnnì, á fi í sí rìfáàsì, ọkọ̀ á sì há síbẹ̀.

Ogun ló wá jẹ́rìí rẹ̀. Láti ọdún 1942, àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà gbé ẹ́ńjìnnì Cadillac méjì pẹ̀lú Hydra-Matic méjì sínú ọkọ̀ ogun fúyẹ́ tí wọ́n ń pè ní M5. Ọmọdékùnrin tí kò wa nǹkan kan rí lè wà á láìpẹ́, ẹ́ńjìnnì kì í sì í kú lójú ìjà nítorí ẹsẹ̀ tó ṣi kílọ́ọ̀ṣì tẹ̀. Nígbà tí ogun parí, àwọn tó ń ta ọkọ̀ kò jẹ́ kí ará ìlú gbàgbé ibi tí gíà náà ti jagun wá. Buick gbé ọ́tò tirẹ̀, Dynaflow, jáde lọ́dún 1948, Chevrolet gbé Powerglide jáde lọ́dún 1950, Ford tẹ̀lé e lọ́dún 1951. Nígbà tí iná jó ilé iṣẹ́ Hydra-Matic ní Livonia, ní Amẹ́ríkà, kanlẹ̀ ní ọjọ́ 12 oṣù Kẹjọ ọdún 1953, Cadillac ní láti máa gba gíà Buick sínú ọkọ̀ rẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, torí pé àwọn oníbàárà rẹ̀ kò ní gba mánúà mọ́. Ọdún 14 péré ni gbogbo èyí lẹ́yìn Oldsmobile àkọ́kọ́.

Àwọn ará Yúróòpù ò tètè gbà. Ẹ́ńjìnnì wọn kéré, epo wọ́n lọ́dọ̀ wọn, ọ́tò ìgbà náà sì ń fi agbára ṣòfò sínú ọ́ìlì. Àṣà náà wọnú òfin ní Bìrìtéènì: ẹni tó bá fi ọ́tò ṣe ìdánwò awakọ̀, ọ́tò nìkan ni ìwé àṣẹ rẹ̀ gbà á láyè láti wà. Ọ̀pọ̀ ọmọ wa tó fi ọ́tò kọ́ ọkọ̀ nílé ni ọ̀rọ̀ yìí ń ká lára ní Lọ́ńdọ̀nù, torí wọ́n gbọ́dọ̀ yan èyí tí wọ́n fẹ́ ṣe ìdánwò rẹ̀.

Ní ilé níbí, kì í ṣe awakọ̀ ló yàn. Ibi tí ọkọ̀ ti wá ló yàn fún un. Láyé àwọn Gẹ̀ẹ́sì, apá òsì ọ̀nà la ń rìn, ọwọ́ òsì la sì fi ń yí gíà. Ní ọjọ́ 2 oṣù Kẹrin ọdún 1972, Nàìjíríà kó lọ sí apá ọ̀tún, bí àwọn ará Benin tó múlé gbè wá ti ń ṣe, gíà sì bọ́ sí ọwọ́ ọ̀tún. Nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í to Peugeot pọ̀ ní Kaduna àti Volkswagen ní Èkó lọ́dún 1975, mánúà ni 504 àti ìjàpá tí gbogbo wa mọ̀. Ẹni tó kọ́ ọkọ̀ nígbà yẹn kọ́ kílọ́ọ̀ṣì ní dandan. Lẹ́yìn náà ni tòkunbọ̀ dé, láti Apapa àti láti Kútọnu. Ti Amẹ́ríkà ní sítíárìn lápá òsì bí a ti ń fẹ́ ẹ, kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni fẹ́ yí lára rẹ̀, ọ́tò sì ni èyí tó pọ̀ jù nínú wọn. Pencil Light, Big Daddy, Muscle, àwọn Camry wọ̀nyí ló sọ ọ̀pọ̀ dírẹ́bà di ọlọ́tò kí wọ́n tó ronú sí i. Mánúà kù sọ́dọ̀ dánfó, tírélà àti típà.

Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé ọ̀lẹ ló ń wa ọ́tò, ẹ má dá a lóhùn. Nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Èkó, orúnkún òsì tó ń tẹ kílọ́ọ̀ṣì láti Ọ̀jọ́ta dé Obáléndé mọ ohun tí Thompson ṣe fún un. Mánúà ní iyì tirẹ̀: bí bátìrì bá kú, èèyàn mẹ́ta á tì í, yóò jí, ọ́tò kì í gba bẹ́ẹ̀. Páànù kílọ́ọ̀ṣì kò sì lè náni tó odindi gíàbọ́ọ̀sì. Ọ́ìlì ló ń ṣiṣẹ́ kílọ́ọ̀ṣì nínú ọ́tò, ooru sì ni ọ̀tá rẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ ra tòkunbọ̀ ọ́tò tó ní ọ̀pá ìwọ̀n ọ́ìlì gíà, ẹ fa ọ̀pá náà yọ kí ẹ nù ún sórí bébà funfun. Bó bá pupa tó mọ́, ẹ tẹ̀ síwájú. Bó bá dúdú tó sì ń rùn bí ohun tó jóná, ẹ kọ́kọ́ lọ béèrè iye tí gíàbọ́ọ̀sì bẹ́líjọ́ọ̀mù rẹ̀, ìyẹn àlòkù láti òkè òkun, jẹ́ ní ọjà Ládípọ̀, kí ẹ tó dáhùn sí iye tí olówó ọkọ̀ pè.