Ẹ̀sítírójìn Kì Í Tán Lára Obìnrin Tí Nǹkan Oṣù Rẹ̀ Ti Dúró

Gbogbo ìgbà tí ọ̀rọ̀ jẹjẹrẹ ọmú bá délẹ̀ ni ẹnìkan máa ń sọ pé obìnrin tí nǹkan oṣù rẹ̀ ti dúró nítorí àgbà kò ní ẹ̀sítírójìn, hòmóònù obìnrin tí ó ń mú irú jẹjẹrẹ ọmú kan dàgbà, lára mọ́, pé kí ni ìyá ẹni ọdún 65 wá ń fi oògùn tí ó ń bá ẹ̀sítírójìn jà ṣe. Ọ̀rọ̀ náà ń bí mi nínú, nítorí pé òun ni àwọn ọmọ mìíràn ń gbọ́ tí wọ́n fi ń gba ìyá wọn níyànjú pé kí ó pa oògùn tí dókítà kọ fún un tì.

Pé ilé ẹyin, èyí tí ó wà ní ìhà méjèèjì ilé ọmọ, ni orírun hòmóònù yìí nígbà tí obìnrin ṣì ń ṣe nǹkan oṣù, kò sí ẹni tí ó ń jiyàn rẹ̀. Láti ọdún 1896 ni George Beatson, dókítà oníṣẹ́ abẹ ní Glasgow, ti kọ ọ́ sílẹ̀ pé jẹjẹrẹ ọmú obìnrin kan rọlẹ̀ lẹ́yìn tí òun yọ ilé ẹyin rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹṣẹ́ tí ó wà lórí kíndìnrín kì í dáwọ́ dúró nígbà tí nǹkan oṣù bá dúró. Ó ṣì ń pèsè hòmóònù kan tí ń jẹ́ androstenedione, ẹ́ńsáìmù (èròjà tí ó ń yí nǹkan padà nínú ara) tí a ń pè ní aromatase sì ń sọ ọ́ di estrone, tí í ṣe oríṣi ẹ̀sítírójìn kan. Inú ọ̀rá, iṣan àti awọ ara ni aromatase yìí wà, ó sì wà nínú ọ̀rá ọmú pẹ̀lú, níbi tí àwọn èròjà tí kókó jẹjẹrẹ ń tú jáde, bíi prostaglandin E2, ti lè mú kí ó pọ̀ sí i.

Aromatase nìkan kọ́. Èyí tí ó pọ̀ nínú estrone inú ẹ̀jẹ̀ ni ara ti dì mọ́ èròjà kan tí ń jẹ́ sulfate, kò sì lè ṣiṣẹ́ bẹ́ẹ̀, gẹ́gẹ́ bí èlùbọ́ inú àpò kì í ti í ṣe àmàlà títí omi gbígbóná yóò fi kàn án. Ẹ́ńsáìmù sulfatase inú kókó ni ó ń tú u sílẹ̀, ẹ́ńsáìmù mìíràn a sì sọ estrone náà di estradiol, oríṣi ẹ̀sítírójìn tí ó lágbára jù lọ. Ìdí nìyí tí estradiol inú kókó jẹjẹrẹ ìyá àgbà fi lè tó ìlọ́po mẹ́wàá ti inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, tàbí kí ó jù bẹ́ẹ̀ lọ, tí àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ nìkan kò fi lè yanjú ọ̀rọ̀ náà.

Àwọn tí ó ti mọ èyí tún máa ń sáré bọ́ sínú àṣìṣe kejì: wọ́n á ní kókó ni ó ń dá gbogbo ẹ̀sítírójìn rẹ̀ ṣe. Èmi kò lè fọwọ́ sí i bẹ́ẹ̀. Wíwọn aromatase inú kókó kò tíì di ohun tí a lè gbára lé láti mọ ẹni tí oògùn yóò ṣiṣẹ́ fún. Bákan náà, kókó tí ó ní ojú ibi tí sẹ́ẹ̀lì ti ń gba ẹ̀sítírójìn máa ń ní estradiol ju èyí tí kò ní in lọ, tí ó fi jọ pé apá kan rẹ̀ ń ti inú ẹ̀jẹ̀ wá, tí kókó kàn dì í mú. Wọ́n ti dán oògùn tí ó ń dí sulfatase wò lára àwọn aláìsàn, kò sì tíì di oògùn tí a ń lò déédéé. Ó ṣeé ṣe kí ọ̀nà méjèèjì jùmọ̀ ṣiṣẹ́, kí ìwọ̀n wọn sì yàtọ̀ láti ara obìnrin kan sí òmíràn.

Àwọn oògùn bíi anastrozole, letrozole àti exemestane ń dí aromatase níbikíbi tí ó bá wà nínú ara, nítorí náà wọn kò dúró de ìparí àríyànjiyàn yẹn. Ṣùgbọ́n kókó tí àyẹ̀wò bá fi hàn pé ó ń gba ẹ̀sítírójìn ni wọ́n wà fún. Kí obìnrin tí ilé ẹyin rẹ̀ ṣì ń ṣiṣẹ́ má sì ṣe gba oògùn yìí lọ́wọ́ ìyá tí tirẹ̀ ṣẹ́ kù, nítorí pé bí ẹ̀sítírójìn bá ti ń dínkù ni ọpọlọ yóò máa ti ilé ẹyin pé kí ó túbọ̀ ṣiṣẹ́, àfi bí dókítà bá fi oògùn mìíràn pa ilé ẹyin lẹ́nu mọ́. Ní Nàìjíríà, níbi tí jẹjẹrẹ ọmú ti ń mú ọ̀pọ̀ obìnrin kí nǹkan oṣù wọn tó dúró, èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré. Bí ó bá sì jẹ́ oògùn jẹjẹrẹ tí wọ́n fà sí obìnrin lára ni ó dá nǹkan oṣù rẹ̀ dúró, ilé ẹyin ṣì lè padà sẹ́nu iṣẹ́ lẹ́yìn oṣù díẹ̀, nítorí náà kí ó béèrè lọ́wọ́ dókítà rẹ̀ bóyá wọ́n ti yẹ hòmóònù rẹ̀ wò kí ó tó gbé oògùn tí ó ń dí aromatase mì.