A&E tó kún fọ́fọ́: bó ṣe ń ṣiṣẹ́, àti ibi tó yẹ kéèyàn kọ́kọ́ lọ

Ẹni tó dé A&E (ẹ̀ka pàjáwìrì ilé ìwòsàn) nílùú Lọ́ńdọ̀nù lálẹ́ ọjọ́ Mọ́ńdè nígbà òtútù, tó sì rí i tí wọ́n pe ẹni tó bá a níbẹ̀ wọlé ṣáájú rẹ̀, lè rò pé wọ́n rẹ́ òun jẹ ni. Ibẹ̀ kì í ṣe báńkì tí wọ́n ti ń gba nọ́ńbà. Bí aláìsàn bá ti forúkọ sílẹ̀, nọ́ọ̀sì á wo bó ṣe ń mí, ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, bí ara rẹ̀ ṣe gbóná tó àti bí ìrora ṣe pọ̀ tó, á wá fi í sí ìpele tirẹ̀. Nínú ìlànà tí wọ́n ti Manchester gbé jáde, àwọ̀ ni wọ́n fi ń mọ ìpele: pupa kò gbọ́dọ̀ dúró rárá, àwọ̀ ọsàn lè dúró ìṣẹ́jú 10, nígbà tí búlúù lè dúró tó wákàtí 4. Ẹni tí ámbúláǹsì gbé wá náà á gba àwọ̀ tirẹ̀. Ìyẹn kò sọ ọ́ di ẹni àkọ́kọ́.

Àdéhùn NHS, ètò ìlera ìjọba, ní England ni pé láàárín wákàtí 4, aláìsàn 95 nínú 100 yóò ti kúrò ní A&E, yálà sílé tàbí sí wọ́ọ̀dù. Oṣù Keje 2015 ni gbogbo England dé orí rẹ̀ kẹ́yìn. Àwọn tó gbé ọ̀fìnkìn wá ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń di ẹ̀bi rẹ̀ rù, ṣùgbọ́n inú wọ́ọ̀dù gan-an ni ìdádúró ti ń bẹ̀rẹ̀. Ara bàbá àgbà kan ti yá, dókítà ti ní kó máa lọ, àmọ́ kò tíì sí ẹni tí yóò máa wá wẹ̀ ẹ́ nílé, ó ṣì wà lórí bẹ́ẹ̀dì. Ẹni tí bẹ́ẹ̀dì náà tọ́ sí wà lórí trolley, bẹ́ẹ̀dì onítáyà, ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ A&E. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ kún, ámbúláǹsì kò ríbi sọ aláìsàn kalẹ̀, ló bá dúró síta, ẹni tó sì pe 999 ládùúgbò ń retí rẹ̀. Ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ rọ́, tó jókòó jẹ́jẹ́ lórí àga, kò gba bẹ́ẹ̀dì lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Àsìkò dókítà ló ń gbà, àti odindi òru tirẹ̀ náà.

Ibi tí tirẹ̀ yóò ti tètè yanjú ni urgent treatment centre, ibùdó ìtọ́jú ohun tó jẹ́ kánjúkánjú ṣùgbọ́n tí kò la ẹ̀mí lọ: eegun tó ṣẹ́, egbò tó fẹ́ rírán, iná tó jóni díẹ̀. Ilé oògùn ńkọ́? Láti January 31, 2024, àwọn apòògùn ní England ti ń tọ́jú àìsàn 7 láìsí ìwé dókítà, lára wọn ni ọ̀fun dídùn, etí ríro ọmọdé, àti ìtọ̀ tó ń ta obìnrin tó wà láàárín ọdún 16 sí 64.

Bí kò bá dáni lójú ibi tó yẹ, nọ́ńbà fóònù NHS, 111, ni kéèyàn pè, tọ̀sántòru, lọ́fẹ̀ẹ́. Ìbéèrè ẹni tó gbé fóònù máa ń bí àwọn kan nínú: ibà ọmọ lèèyàn torí rẹ̀ pè, ó ń béèrè bóyá ẹ̀jẹ̀ ń dà. Ohun tó lè pani ló ń kọ́kọ́ yọ kúrò. "Ara mi ò kàn yá" kò sọ nǹkan kan fún un. "Àyà ń dùn mí láti àárọ̀, ó ti dé apá, mo sì ń làágùn" yóò mú kó ránṣẹ́ sí ámbúláǹsì lójú ẹsẹ̀. Bí kò bá sí ewu, wọ́n lè bá èèyàn gba àkókò sílẹ̀, tàbí kí nọ́ọ̀sì pè é padà. Ẹni tí Gẹ̀ẹ́sì nira fún lè ní kí wọ́n wá ògbufọ̀ Yorùbá sí i. Ó sàn ju kí ọmọ ọdún mẹ́wàá máa ṣàlàyé àyà ìyá rẹ̀ fún àlejò.

Àwọn kan wà tí kò gbọ́dọ̀ ro ti èrò A&E rárá. Ojú tó wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, apá tí kò ṣeé gbé, ọ̀rọ̀ tó ń lọ́ lẹ́nu, ẹ̀jẹ̀ tí kò dá, ọmọ tí kò rí èémí mí: 999 ni. Tí ámbúláǹsì bá pẹ́, tí ara sì ń le sí i, kí wọ́n tún pè. Bákan náà ni ìrora sickle cell. NICE, àjọ tó ń ṣe ìlànà ìtọ́jú fún NHS, ti kọ ọ́ láti 2012 pé pàjáwìrì ni, àti pé kí wọ́n fún aláìsàn ní oògùn apàrora láàárín ìṣẹ́jú 30 tó bá dé. Ìfaradà tí wọ́n fi tọ́ ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá máa ń ṣe wọ́n níbi níbẹ̀. Nọ́ọ̀sì ní kí aláìsàn fi nọ́ńbà sọ ìrora rẹ̀ láti 0 dé 10, aláìsàn ní òun ń gbìyànjú, wọ́n kọ 4. Tó bá jẹ́ 9 ni, kó pè é ní 9, kó sì fa ìwé ìtọ́jú tí dókítà rẹ̀ kọ fún un yọ.

Owó náà ń dá àwọn kan dúró sílé. Ìforúkọsílẹ̀ lọ́dọ̀ GP, dókítà àdúgbò, kò gba kọ́bọ̀, kò sì pọn dandan kéèyàn fi ìwé ìgbélùú hàn. Ìyá tó fi físà àbẹ̀wò wá wẹ ọmọ tuntun kò ní sanwó ohun tí wọ́n bá ṣe fún un nínú A&E ní England. Tí wọ́n bá gbà á sí wọ́ọ̀dù lowó bẹ̀rẹ̀, ó sì lè tó ìlọ́po kan àti ààbọ̀ iye tí NHS fi ń ṣírò ìtọ́jú náà. Síbẹ̀, ìtọ́jú tí ẹ̀mí rọ̀ mọ́ kò gbọ́dọ̀ dúró de owó. Wọ́n á tọ́jú rẹ̀ ná, ìwé owó á tẹ̀ lé e, ìdílé sì lè bá ilé ìwòsàn sọ ọ́ kí wọ́n máa san án díẹ̀díẹ̀.