Ohun tó wà nínú tánkì yẹn ń hó ni o

Àwọn tó bá wá síbi tá a ti ń tọ́jú àtọ̀ akọ màlúù máa ń bi mí pé ibo la ki wáyà tánkì tá a kó o sí bọ̀. Kò sí wáyà, kò sí ẹ̀rọ kankan níbẹ̀. Omi náítírójìn, ìyẹn gáàsì náítírójìn tó tutù débi tó fi di omi, ló wà nínú ẹ̀, ó sì ń hó tọ̀sán-tòru, híhó yẹn gan-an ló ń jẹ́ kó tutù, torí ooru tó bá yọ́ wọlé látìta, náítírójìn tó ń hó ló ń gbé e jáde.

Mo mọ̀ pé ó máa ṣòro gbà, torí lọ́dọ̀ tiwa ohun tó bá ń hó gbọ́dọ̀ jóni. Omi àmàlà ń hó ní 100 dìgírì Celsius, ṣùgbọ́n ti náítírójìn, 196 dìgírì ní ìsàlẹ̀ òdo ló ti ń hó, fíríìsà ilé wa kì í sì í sábà ju 18 ní ìsàlẹ̀ òdo lọ. Nítorí náà, lójú náítírójìn, ọ̀sán wa iná iléru ni. Ìyẹn ló fi jẹ́ gáàsì láyìíká wa, tó sì jẹ́ pé tẹ́ ẹ bá pín afẹ́fẹ́ tí à ń mí sí ọ̀nà 100, òun nìkan kó nǹkan bíi 78. Tó bá tún tutù dé 210 ní ìsàlẹ̀ òdo, á dì gbagidi bíi yìnyín. Dìgírì 14 péré ló fi ń jẹ́ omi! Lórí Pluto, ayé kékeré kan tó jìnnà réré sí oòrùn, pápá yìnyín náítírójìn ńlá wà níbẹ̀, ọkọ̀ òfuurufú New Horizons ya fọ́tò ẹ̀ lọ́dún 2015.

Àwọn kan á ní kí ló dé tá ò kàn rọ ọ́ sí sìlíńdà bíi gáàsì ìdáná. Gáàsì ìdáná, tẹ́ ẹ bá ti fún un mọ́ra, á di omi nínú ooru wa yìí náà, àmọ́ náítírójìn ò gbà, ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ tutù kọjá 147 ní ìsàlẹ̀ òdo, láìjẹ́ bẹ́ẹ̀ bó ti wù kẹ́ ẹ fún un tó, gáàsì náà ló máa jẹ́.

Ibi tó kàn yín jù rèé. Lítà 1 ẹ̀ tó bá di gáàsì tán máa tó nǹkan bíi lítà 700. Ọmọ kan tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi rí èéfín funfun lẹ́nu tánkì, ó rò pé náítírójìn ló ń ṣòfò, ló bá wá àkísà kó fi dí i pa, àyà mi já! Èéfín yẹn kì í ṣe náítírójìn rárá, náítírójìn ò láwọ̀, ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ ló tutù tó di kùrukùru. Tánkì tẹ́ ẹ bá dí pa lè bú gbàmù. Bẹ́ẹ̀ náà ni kẹ́ ẹ má gbé e sínú mọ́tò tẹ́ ẹ ti wíńdò ẹ̀ pa tẹ́ ẹ tan éésì, tàbí yàrá tó há, torí kò lóòórùn, kì í ta èèyàn nímú, á kàn máa lé ọ́síjìn lọ, ara ò ní fura títí èèyàn á fi ṣubú. Tẹ́ ẹ bá rí ẹni tó ṣubú bẹ́ẹ̀, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má sáré wọlé lọ fà á, ẹ̀yin náà á ṣubú tẹ̀ lé e, látìta ni kẹ́ ẹ ti ṣí ilẹ̀kùn àti fèrèsé, kẹ́ ẹ ké sí panápaná.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ mọ iye tó kù, ẹ má yọjú wò ó. Ẹ ki igi pẹlẹbẹ bọ̀ ọ́ dé ìsàlẹ̀, páìpù kọ́ o, torí ó máa tú sókè láti inú ihò ẹ̀. Ẹ yọ igi náà lẹ́yìn bíi ìṣẹ́jú àáyá 10, ẹ jù ú fìrìfìrì nínú afẹ́fẹ́, ibi tí ìrì dídì funfun bá dé lára igi yẹn ni náítírójìn yín dé.