Títú ẹ̀yà lẹ́ǹsì kámẹ́rà àtijọ́ tó há

Títú ẹ̀yà lẹ́ǹsì tó há ni iṣẹ́ tí a fi ń ya lẹ́ǹsì àtijọ́ sí wẹ́wẹ́ láì ba dígí, tẹ́ẹ̀dì (ìlà yíyípo tí àwọn ẹ̀yà fi ń yí wọ ara wọn) tàbí ọ̀dà ara rẹ̀ jẹ́. Àwọn lẹ́ǹsì onírin ayé fíìmù ló sábà ń nílò rẹ̀, irú Helios 44-2 ti ilẹ̀ Soviet, Super-Takumar ti Japan àti Carl Zeiss Jena ti Jámánì. N'Ìbàdàn, àwọn onífọ́tò máa ń fi àdápútà so irú lẹ́ǹsì bẹ́ẹ̀ mọ́ kámẹ́rà òde òní láti ya ìgbéyàwó àti fíìmù àgbéléwò. Èyí tó bá ti wà nínú àpótí láti bí ọgbọ̀n ọdún kì í sábà yí wọ́ọ́rọ́wọ́ mọ́ nígbà tí wọ́n bá gbé e jáde.

Ohun tó di ẹ̀yà náà mú ló yẹ kí a kọ́kọ́ mọ̀, nítorí ohun tó ń tú ọ̀kan kì í tú èkejì. Ẹni tó bá fi agbára ṣáájú ló sábà ń ba lẹ́ǹsì jẹ́, kì í ṣe ọjọ́ orí lẹ́ǹsì náà.

Ohun tó ń fà á

Àkọ́kọ́ ni ọ̀dà. Iléeṣẹ́ tó ṣe lẹ́ǹsì máa ń kán ọ̀dà díẹ̀ sórí tẹ́ẹ̀dì kí sukúrù má baà tú fúnra rẹ̀. Acetone, omi tí a fi ń yọ ọ̀dà, ló ń yọ́ ọ. Èkejì ni gírísì. Gírísì jẹ́ óìlì tí a pò mọ́ ohun kan bí ọṣẹ. Bí ọdún ti ń gorí ọdún, óìlì á ṣàn jáde, èyí tó ṣẹ́ kù á sì le bí àtè. Epo láítà ló ń tú èyí. Ẹ̀kẹta ni ìpáàrà: alumíníọ̀mù kì í dógùn-ún pupa bí irin, ìyẹ̀fun funfun ló máa ń hù nínú tẹ́ẹ̀dì, pàápàá níbi tó ti kan idẹ, tí òógùn tàbí omi òjò sì ti wọ ibẹ̀. Ẹ̀kẹrin ni kí lẹ́ǹsì ti já bọ́ rí, kí etí rẹ̀ sì ti tẹ̀.

Ìkarùn-ún kò há rárá. Sukúrù kéékèèké tí kò lórí, mẹ́ta lọ́pọ̀ ìgbà, ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ òrùka lẹ́ǹsì, lábẹ́ rọ́bà tí a fi ń di òrùka fókọ́ọ̀sì (èyí tí a ń yí kí àwòrán lè mọ́ kedere) mú tàbí lábẹ́ ẹ̀kán ọ̀dà dúdú. Bí a kò bá tú wọn, kò sí agbára tó lè yí òrùka náà, àfi kó fi ara rẹ̀ họ. Nítorí náà, a gbọ́dọ̀ ṣí rọ́bà náà wò kí a tó dá ohunkóhun lẹ́bi.

Ojú ọjọ́ Ìbàdàn ń dá kún ọ̀rọ̀ yìí. Láti oṣù kẹrin títí di oṣù kẹwàá, òjò ń fi ọ̀rinrin sínú afẹ́fẹ́. Ọyẹ́ tó ń tẹ̀ lé e ń gbé eruku wọlé. Eruku ọyẹ́ tó bá dà pọ̀ mọ́ gírísì tó ń gbẹ máa ń họ idẹ nígbàkigbà tí a bá yí òrùka.

Fílítà

Fílítà, dígí pẹlẹbẹ inú òrùka tí a ń yí mọ́ iwájú lẹ́ǹsì, ló ń há jù. Tẹ́ẹ̀dì rẹ̀ tinrín: lára ọ̀pọ̀ lẹ́ǹsì 49, 52, 55 àti 58 mm, ìlà kan sí èkejì kò ju 0.75 mm lọ. Tí a bá fi ìka méjì tàbí ẹ̀mú fún un lẹ́gbẹ̀ẹ́, òrùka náà kò ní rí róbótó mọ́, tẹ́ẹ̀dì á sì di ara wọn mú gírígírí níbi méjì. Ìdí nìyí tó fi jẹ́ pé bí ọwọ́ bá ti lágbára tó ni fílítà ń há tó. Gbogbo etí rẹ̀ ló yẹ kí agbára kàn lẹ́ẹ̀kan náà.

A ó gbé sálúbàtà rọ́bà pẹlẹbẹ tí a ti fọ̀ mọ́ sílẹ̀, a ó dojú lẹ́ǹsì dé e, a ó tẹ̀ ẹ́ díẹ̀, a ó sì yí ara lẹ́ǹsì sí òsì. Iwájú lẹ́ǹsì ni kí ọwọ́ dì mú, kì í ṣe òrùka fókọ́ọ̀sì, kí agbára má baà lọ fọ́ ibi tí fókọ́ọ̀sì ti ń dúró. Bí kò bá yí, túùbù táyà tí fọkanáísà ti pa tì wúlò púpọ̀: a ó gé e ní ọ̀já tó fẹ̀ tó 1 cm, a ó fà á le yí etí fílítà ká, a ó sì fi àtẹ́lẹwọ́ yí i. Bí ó bá ṣì kọ̀, a ó fi abẹ́rẹ́ kán epo láítà ẹ̀kán kan tàbí méjì sí ojú ìpàdé fílítà àti lẹ́ǹsì, a ó dojú lẹ́ǹsì bolẹ̀ kí epo má baà wọ inú, a ó dúró fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, a ó sì tún un ṣe.

Ooru ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n ó ní ibi tó yẹ kó bà. Inú etí lẹ́ǹsì ni tẹ́ẹ̀dì fílítà wọ̀, nítorí náà etí lẹ́ǹsì lóde ni kí a fi ẹ̀rọ tí àwọn onídìrí fi ń gbẹ irun mú gbóná, kí fílítà fúnra rẹ̀ sì tutù. Òrùka alumíníọ̀mù 55 mm tí ooru rẹ̀ bá fi 20°C lé sí i máa ń fẹ̀ ní nǹkan bíi 0.025 mm, èyí sì lè tó láti já ìdìmú tẹ́ẹ̀dì. Idẹ kì í fẹ̀ tó alumíníọ̀mù. Fílítà idẹ nínú lẹ́ǹsì alumíníọ̀mù lè tú bí a bá tilẹ̀ mú méjèèjì gbóná pọ̀, ṣùgbọ́n fílítà alumíníọ̀mù nínú lẹ́ǹsì idẹ á tún há sí i ni. Ooru kò gbọdọ̀ ju èyí tí ẹ̀yìn ọwọ́ lè gbà lọ: àwọn dígí kan jẹ́ méjì tí a lẹ̀ pọ̀, oje igi Canada balsam tí wọ́n fi lẹ lẹ́ǹsì àtijọ́ sì máa ń rọ̀ bí ó bá gbóná.

Bí etí fílítà bá ti tẹ̀, gígé nìkan ló kù. A ó yọ dígí fílítà, a ó fi páálí bo ojú lẹ́ǹsì, a ó fi ayùn irin gé òrùka fílítà níbi méjì tó fi 1 cm jìnnà síra láì dé tẹ́ẹ̀dì lẹ́ǹsì, a ó sì fi ẹ̀mú ká èyí tó wà láàárín wọn sínú. Òrùka náà á dẹ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀.

Sukúrù àti òrùka ìdìmú

Sukúrù lẹ́ǹsì sábà jẹ́ 1.4 sí 2 mm. Ti ará Japan jọ Phillips (sukúrù olórí àgbélébùú) lójú, ṣùgbọ́n JIS, ìlànà ilẹ̀ Japan, ni; ẹnu sukudiráfà Phillips kì í wọ inú rẹ̀ tán, á sì máa fò jáde títí orí sukúrù á fi jẹ. A ó fi igi ìtayín kán acetone sí i, a ó dúró fún ìṣẹ́jú márùn-ún, a ó tẹ sukudiráfà mọ́lẹ̀ dáadáa, a ó kọ́kọ́ fún un sí ọ̀tún díẹ̀ kí ọ̀dà já, ká tó tú u sí òsì. Èyí tó bá kọ̀, a ó jẹ́ kí acetone gbẹ pátápátá, a ó wá fi orí irin gbígbóná tí àwọn tó ń tún rédíò ṣe fi ń jó òjé kàn án fún ìwọ̀n ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá. Èyí tí orí rẹ̀ ti ń jẹ, gírísì oníyanrìn tí mẹkáníìkì fi ń lọ fáàfù ń ràn án lọ́wọ́. A lè bèèrè rẹ̀ ní ọjà àwọn tó ń ta ẹ̀yà ọkọ̀ ní Arárọ̀mí, Géètì. Díẹ̀ lẹ́nu sukudiráfà ti tó, a sì gbọ́dọ̀ nù ún kúrò tán, nítorí yanrìn rẹ̀ á jẹ tẹ́ẹ̀dì.

Òrùka ìdìmú, tó di dígí mú sí àyè rẹ̀, ní ihò méjì tí ẹnu sípánà lẹ́ǹsì ń wọ̀. Bí sípánà bá yọ̀, dígí ló ń họ, nítorí náà a ó gé páálí róbótó bò ó. Acetone díẹ̀ ni kó kan tẹ́ẹ̀dì, nítorí ó ń jẹ ọ̀dà dúdú etí dígí, ó ń jẹ nọ́ńbà tí wọ́n kọ sára lẹ́ǹsì, ó sì ń yọ́ ike. Acetone tí wọ́n fi ń nu èékánná lè ní òróró nínú. Ògidì ni kí a wá.

Acetone àti epo láítà ń gbaná kíákíá. A kò gbọdọ̀ ṣí wọn nítòsí àbẹ́là, jẹnẹrétọ̀ tàbí irin gbígbóná, ilẹ̀kùn àti fèrèsé sì gbọ́dọ̀ wà ní ṣíṣí.

Ewé aperture

Àwọn ewé irin tó ń dín ìmọ́lẹ̀ kù, mẹ́jọ lára Helios 44-2, máa ń lẹ̀ mọ́ra bí óìlì gírísì bá ṣàn dé ọ̀dọ̀ wọn. Gbígbẹ ni iṣẹ́ wọn ń fẹ́. A ó yọ dígí kúrò lójú méjèèjì, a ó fi epo láítà fọ̀ wọ́n, a ó máa ṣí wọn, a ó máa pa wọ́n dé, a ó fi òwú nù wọ́n, a ó sì tún un ṣe ní ẹ̀ẹ̀mejì tàbí mẹ́ta títí òwú á fi mọ́. Kí a má fi óìlì kankan sí i, kí a má sì fipá yí òrùka rẹ̀, nítorí ewé tó bá ti ká kì í tọ́ mọ́.

Helicoid

Helicoid ni tẹ́ẹ̀dì ńlá tó ń gbé dígí síwá-sẹ́yìn bí a ti ń yí fókọ́ọ̀sì. Ibí ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń pàdánù lẹ́ǹsì wọn, kì í ṣe nítorí pé ó ṣòro tú, bí kò ṣe nítorí pé wọn kò mọ bí wọn yóò ṣe dá a padà. Tẹ́ẹ̀dì yìí ní ẹnu púpọ̀, ìyẹn ibi tó ti lè bẹ̀rẹ̀ sí í wọ ara wọn, ẹnu kan ṣoṣo ló sì tọ́.

Dígí gbọ́dọ̀ ti kúrò nínú rẹ̀ ná. A ó yí fókọ́ọ̀sì sí ∞ (àmì ohun tó jìnnà réré), a ó fi abẹ́rẹ́ ha àmì tó gba orí ẹ̀yà méjèèjì kọjá. A ó mú un lọ́ wọ́ọ́rọ́, a ó fi sírínjì kán epo láítà sí tẹ́ẹ̀dì, a ó sì fi sílẹ̀ fún wákàtí kan. A ó wá máa yí i lọ-bọ̀, díẹ̀díẹ̀. Ibi tí ẹ̀yà kan bá ti bọ́ kúrò lára èkejì gan-an ni kí a ha àmì kejì sí, kí a sì ya fọ́tò rẹ̀. Oríṣi helicoid kan jẹ́ méjì nínú ara wọn. Olúkúlùkù ló ní àmì tirẹ̀.

A ó fi epo láítà àti búrọ́ọ̀ṣì eyín fọ gírísì àtijọ́ kúrò tán, nítorí tuntun kì í bá ògbólógbòó gbé. Gírísì helicoid ni ká fi pa á, kó tinrín débi pé àwọ̀ irin ṣì hàn lábẹ́ rẹ̀. Gírísì bẹ́árìn mọ́tò kò dára fún un: nínú ọkọ̀ tí oòrùn ń pa, óìlì rẹ̀ lè yọ́ lọ bá ewé aperture.

Lẹ́yìn tí a bá tò ó pọ̀, a ó fi àmì ∞ wo ohun tó jìnnà ju kìlómítà kan lọ, bíi Ilé Kòkó láti òkè Láyípo (Bower's Tower) ní Òkè Àrẹ̀ n'Ìbàdàn. Bí ó bá mọ́ kedere, a wọlé ní ẹnu tó tọ́. Bí kò bá mọ́, tí òrùka sì dúró kó tó dé ∞ tàbí tó kọjá rẹ̀, ẹnu mìíràn la gbà wọlé: a ó tún un tú, a ó sì gbìyànjú ẹnu tó kàn.